Dọ́ọ̀tì Mẹ́tàdínlógójì Tí Mo Pa Rẹ́

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ lónìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kíákíá, torí ó ti pẹ́ jù nínú mi. Ẹ má rò pé àìsàn ló ń ṣe mí, tàbí pé ẹnì kan ló ká mi mọ́. Kò sẹ́ni tó ká mi mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé orí sókè rìn káàkiri Ajíbọ́dé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kí mi ní "Dókítà", tí onílé mi ń fi mí yangàn fún àwọn ayálégbé tuntun. Èmi Fàdìlàt, olùkọ́ físíìsì, mo parọ́ mọ́ ọmọbìnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí, mo pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rẹ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo jẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti fúyẹ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ máa yọ̀. Ẹ ṣáà gbọ́ mi tán ná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èérún kírísítálì kan wà tí àwọn onífísíìsì ń pè ní kúáńtọ́ọ̀mù dọ́ọ̀tì. Àwa ní láàbù, dọ́ọ̀tì lásán là ń pè é. Ó kéré débi pé bí ẹ bá to ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò ní nípọn ju fọ́nrán irun kan lọ. Bí a bá tan iná lésà sí ọ̀kan ṣoṣo lábẹ́ maikirosíkóòpù, òun náà á máa tàn, pupa bí ẹ̀yinná tó ń jó nínú ààrò. Ṣùgbọ́n kì í tàn lọ bẹ́ẹ̀. Á tàn, á kú lójijì, á tún tàn. Ó lè ṣókùnkùn fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń sín, ó lè ṣókùnkùn fún odidi ìṣẹ́jú kan, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí yóò padà. Mo rántí àárọ̀ tí a kọ́kọ́ rí i. Ìgbà ọyẹ́ ni, ètè wa ti là, ojú fèrèsé yàrá náà la sì ti fi aṣọ dúdú bò. Zubaidah ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ Ìjàyè ni, bàbá rẹ̀ ń dá oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, òun sì ń ṣe oyè ìjìnlẹ̀ kejì rẹ̀ lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan náà tí èmi ń ṣe oyè dókítà mi lábẹ́ rẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ó fa apá aṣọ mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó. Ó ń ṣẹ́jú sí wa." Mo wò ó lójú kọ̀ǹpútà, ààmì pupa kékeré kan, ó tàn, ó kú, ó tàn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí, orí mi tún ń wú.

A pín iṣẹ́ láàrin ara wa. Zubaidah ló ń wọnú òkùnkùn yẹn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, tó ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀ sínú ìwé aláwọ̀ ewé kan. Èmi ni mo ń ṣe ìṣirò. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, kọ̀ǹpútà á ka iye ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ní ìpín kọ̀ọ̀kan. Èmi á wá fa ìlà kan: ohun tó bá wà lókè ìlà ni títàn, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ni òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ni mo máa wọn bí òkùnkùn kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, màá ka iye tó kúrú àti iye tó gùn. Ohun tó ń dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé dọ́ọ̀tì kan ò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkùnkùn jọ, wọ́n á tò sórí gíráàfù bí ẹni tó gún régé, àwọn kúkúrú pọ̀ jù, àwọn gígùn ń dín kù díẹ̀díẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí ìlà tààrà kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, Akíntáyọ̀, ti lo ọdún mọ́kànlá lórí ìbòrí kan tí wọ́n ń fi wé dọ́ọ̀tì. Wọ́n gbà pé pẹ̀lú ìbòrí yẹn, òkùnkùn kankan ò ní ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣègùn á lè fi dọ́ọ̀tì ṣọ́ nǹkan nínú ara ènìyàn láìjẹ́ pé ó sọnù mọ́ wọn lójú. Nígbà tí mo ṣírò dọ́ọ̀tì ogún àkọ́kọ́ tí a fi ìbòrí náà wé, ìlà náà já wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá méjì bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Mo jó. Mo pe ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù, wọ́n sì fi ìpàdé sílẹ̀, wọ́n rìn wá láìdé fìlà, wọ́n dúró níwájú kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ gbá èjìká mi.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti mọ̀ pé mo wà nínú ewu, torí láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fẹ́ kí gbogbo èyí tó kù rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Zubaidah gba ọgọ́fà pé, ó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, àwọn kan wà tí wọn ò gbọ́ràn." Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n. Wọ́n ń ṣókùnkùn fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, fún ogójì, lẹ́yìn náà wọ́n á jí. Ó ní, "Mo tún rí nǹkan kan. Tí òkùnkùn kan bá ti pẹ́, èyí tó máa tẹ̀lé e náà máa ń pẹ́. Bíi pé wọ́n ń rántí." Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí ọmọ yìí sọ yẹn, ó yẹ kí n gbé e sókè nínú yàrá yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo rí lọ́kàn mi, mo sì rí ipò olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ẹnì kan sí kí ọdún tó parí. Mo kọ́kọ́ sún ìlà ààlà mi wálẹ̀ kí àwọn òkùnkùn gígùn lè gé sí wẹ́wẹ́. Ìyẹn ba àwọn tó dáa jẹ́ pẹ̀lú. Ni mo bá dá ìlà padà, mo yọ mẹ́tàdínlógójì náà kúrò pátápátá, mo sì kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ wa pé dọ́ọ̀tì mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni a gbà sílẹ̀, pé gbogbo wọn ló gbọ́ràn. Zubaidah kà á. Ó ní, "Àǹtí, ọgọ́fà ni mo gbà." Mo ní, "Àwọn tó ti kú ni mo yọ." Ó ní, "Wọn ò kú. Wọ́n ń padà wá." Mo wò ó láti òkè délẹ̀, mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ẹni tó sọ òótọ́ ló kúnlẹ̀, èmi tí mò ń parọ́ ni mo jókòó sórí àga.

Àpilẹ̀kọ náà jáde, ó sì lókìkí. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ olùkọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìyá àgbà kan tó jẹ́ onímọ̀ nílẹ̀ òkèèrè kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n pé iṣẹ́ náà wú òun lórí, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi gbogbo fáìlì tí a gbà ránṣẹ́ sí òun, láìyọ ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Fàdìlàt, kó o fi ránṣẹ́ sí wọn kó tó di ọjọ́ Ẹtì." Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Ládàánì pe ìrun àyìlà ní mọ́sáláṣí tó wà nítòsí láàbù wa, Zubaidah sì bọ́ sí ìta lọ ṣe àlùwàlá. Mo ti ilẹ̀kùn láàbù. Mo ṣí dísìkì, mo sì ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kẹrin, nọ́ńbà kọkànlá, nọ́ńbà kẹrìnlá, títí mẹ́tàdínlógójì fi pé. Ìwé aláwọ̀ ewé tó ń kọ àkọsílẹ̀ sí, mo jó o nínú àgbá tí wọ́n ti ń sun pàǹtí lẹ́yìn láàbù, mo sì fara wé ìkọ̀wé rẹ̀ kọ òmíràn tó ní mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Fáìlì mẹ́tàlélọ́gọ́rin yẹn nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí òkèèrè. Nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ ń fi iwájú orí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun ni mo ń dáná sun iṣẹ́ oṣù mẹ́fà rẹ̀. Ènìyàn bíi tèmi, tí wọ́n bí sínú Ìsìláàmù, tí mo gbọ́ ìpè kan náà.

Nígbà tí Zubaidah rí ohun tó ṣẹlẹ̀, kò pariwo. Ó lọ sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí, mo sì ti múra sílẹ̀. Mo ní ọmọ náà ń jowú, pé ó fẹ́ kí orúkọ òun ṣáájú tèmi lórí àpilẹ̀kọ, pé dọ́ọ̀tì tó ń sọ yẹn kò sí rí. Ọ̀rọ̀ di ti ìgbìmọ̀. Àgbàlagbà mẹ́ta jókòó, wọ́n wo dísìkì, wọ́n wo ìwé tí mo kọ, mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n bá níbi méjèèjì. Alága bi í pé, "Níbo ni àwọn yòókù wà?" Zubaidah yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn." Mo ní, "Mi ò mọ ohun tó ń sọ, sà." Wọ́n ní kó lọ dúró sílé kí wọ́n fi ìpinnu ránṣẹ́.

Ẹ lè rò pé ìyẹn ló burú jù. Rárá. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, kí ìwé ìpinnu tó jáde, bàbá rẹ̀ wá sílé mi. Sàníù ni orúkọ wọn. Wọ́n gun ọ̀kadà láti Ìjàyè wá sí Ajíbọ́dé, erùpẹ̀ kún bàtà wọn, wọ́n sì gbé iṣu mẹ́ta dání. Àgbàlagbà tó lè bí mi lọ́mọ ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o, Dókítà." Mo ní, "Bàbá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ ọmọ mi, kò sóhun tí mo lè pè yín tó pọ̀ jù." Wọ́n jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò fẹ́ ba àga jẹ́. Wọ́n ní, "Mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Zubaidah ò parọ́ rí láti kékeré, ṣùgbọ́n èmi ò kàwé, mi ò mọ nǹkan tí ẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbà. Ṣé ọmọ mi parọ́ ni?" Èmi àti wọn nìkan ló wà nínú pálọ̀ náà. Kò sí ìgbìmọ̀, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí mo bá sọ òótọ́, mo ṣì lè sáré lọ bá alága lọ́jọ́ Ajé. Mo wo àwọn ọwọ́ wọn tó ti le nítorí ọkọ́. Mo ní, "Ó parọ́, Bàbá. Àmọ́ ọmọdé ni, á kọ́gbọ́n." Wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ òótọ́ fún àwọn. Wọ́n fi iṣu náà sílẹ̀, mo sì jẹ ẹ́.

Ìwé ìpinnu jáde, wọ́n lé Zubaidah lọ. Ọdún mẹ́ta kọjá. Mo sùn, mo jí, mo kọ́ni, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Kí àwọn tó ń retí pé Ọlọ́hun á fi àrá pa ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù tó kọjá ni mo fún akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, Praise, ní dọ́ọ̀tì tuntun tí a fi ìbòrí kan náà wé àti kámẹ́rà tuntun, mo ní kó gba ọgọ́ta sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣí fáìlì rẹ̀, mo rí wọn. Òkùnkùn ogún ìṣẹ́jú àáyá, òkùnkùn ogójì. Ojú mi là. Mo jókòó láti àárọ̀, mi ò jẹun, mo ń to òkùnkùn kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tẹ̀lé e, gígùn pẹ̀lú gígùn, kúkúrú pẹ̀lú kúkúrú. Tó bá jẹ́ pé dọ́ọ̀tì ò rántí nǹkan kan, ó yẹ kí àwọn ààmì náà tú ká sójú gíráàfù bí àgbàdo tó dà sílẹ̀. Wọn ò tú ká. Wọ́n kóra jọ sí igun kan lókè. Mo pò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń po káàdì ayò, mo ṣe é ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, kò sí ìgbà kankan tí wọ́n kóra jọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Òótọ́ ni. Wọ́n ń rántí. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ohun tí Zubaidah fi ojú lásán rí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni mò ń wò yìí, ó sì lẹ́wà ju gbogbo irọ́ tí mo kọ lọ.

Mo pe Praise kí n lè yìn ín. Ó wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kí n tó sọ̀rọ̀ ló ti ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé èmi ni mo bà á jẹ́. Àpilẹ̀kọ yín sọ pé òkùnkùn kan ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Mo ti pa mẹ́sàn-án tó burú jù rẹ́, kí ẹ má baà rò pé mi ò mọṣẹ́." Irọ́ mi ti di ìwé tí ọmọ ọlọ́mọ ń kà, ó sì ti kọ́ ọ láti ṣe ohun tí mo ṣe, àmọ́ òun ń sunkún lé e lórí, èmi ò sunkún. Mo ní, "Praise, o ò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni mo parọ́." Bí gbólóhùn yẹn ṣe jáde ni ara mi tú bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù lórí rẹ̀ kalẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Wọ́n gbọ́ mi tán láìjá lu ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lo sọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi ọ́ léèrè." Ní ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Olódò, níbi tí Zubaidah ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan. Àkókò ìsinmi ọ̀sán ni mo bá a. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ kíláàsì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dìde, àwọn ọmọ ń wò wá." Lẹ́yìn náà ló béèrè, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, "Àwọn tuntun yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ń rántí?" Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi lórí tábìlì ọmọ ilé ìwé. Ó fa àga, ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ẹ sún mọ́ ibí yìí. Ẹ wò ó. Ẹ tún wo ìyẹn." Fún bí ààbọ̀ wákàtí a jọ ń nawọ́ sí gíráàfù, a jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ìgbà ọyẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tí aago lù ló rántí ohun tó gbé mi wá. Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé. Ó ní, "Mi ò tíì dárí jì yín. Tí mo bá ṣe é, màá sọ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ bá mi lọ sọ fún bàbá mi."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la dé Ìjàyè. Bàbá Zubaidah jókòó sábẹ́ ìbòòji níwájú ilé, àwọn ará ilé wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ mí, wọ́n fẹ́ dìde kí mi, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ ò tó. Mo ní, "Bàbá, ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́sí, mo parọ́ fún yín. Zubaidah ò parọ́. Èmi ni." Wọ́n ní, "Kò parọ́?" Mo ní, "Kò parọ́, Bàbá." Wọn ò wò mí mọ́. Ọmọ wọn ni wọ́n kọjú sí. Ọwọ́ wọn ń wá fìlà orí wọn, wọ́n ṣí i, wọ́n gbé e lé eékún. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo fi sọ fún ọ pé kó o tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mo ní o ò gbọdọ̀ jókòó jẹun pẹ̀lú mi àfi tó o bá jẹ́wọ́. Ìwọ sì ń sọ fún mi pé o ò ṣe é." Omi ń ṣàn gba irùngbọ̀n wọn. "Zubaidah, dárí ji bàbá rẹ." Ọmọ náà sáré dì mọ́ wọn. Èmi wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ iye ohun tí mo bàjẹ́, torí láàbù nìkan ni mo ti ń rò pé mo lé e kúrò.

A ti kọ̀wé sí àwọn tó tẹ àpilẹ̀kọ wa jáde pé kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi lóṣù tó ń bọ̀, ó sì dá mi lójú pé wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi; mi ò ní bẹ̀ wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pe Zubaidah padà, wọ́n sì ti gbà pé iṣẹ́ tuntun náà, orúkọ rẹ̀ ni yóò ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi ń dùn tí mi ò lè pa á mọ́ra. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọn nǹkan, tí ẹ ń ka nǹkan, tí ẹ ń jókòó ti gíráàfù, ẹ gbọ́ tèmi. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí nọ́ńbà kan ò ní rí bí ọ̀gá yín ṣe fẹ́, kò sì ní sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ẹ fi ìnkì tí kò ṣeé pa rẹ́ kọ ọ́, kí ẹ sì pe ẹnì kan wá wò ó. Ẹ̀yin ará Ìjàyè, ẹ foríjì mí. Bàbá, ẹ foríjì mí. Zubaidah, mi ò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kejì. O ní wàá sọ fún mi. Mò ń dúró.